Abala Kẹjọ

Ṣíbí ògì kẹta ni Ọmọ́tọ́lá ń gbé lọ sí ẹnu ọkọ rẹ̀ nígbà tí Philip fọwọ́ lu tábìlì, tó ní kò sí abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò kan láyé tó dùn ún wò tó Hagler. Ògì náà dà sí Ọládòṣù láyà. Ọkùnrin náà kò mọ̀. Fèrèsé ló ń wò, níbi tí òjò Levenshulme nílùú òyìnbó ti ń rọ̀ láti àárọ̀ bí ẹni tí kò níṣẹ́ mìíràn.

"Òun àti Hearns, lọ́dún 1985," ni Philip wí. "Abala mẹ́ta péré. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lójú Hagler, ó sì ń tẹ̀ síwájú."

"Abala mẹ́ta?" ni Olúwagbénga fèsì. "Ìyà tí èrò inú bọ́ọ̀sì rẹ ń jẹ lójoojúmọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gatti ńkọ́? Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kán nínú ìjà rẹ̀ kẹta pẹ̀lú Ward, ó sì jà á dópin."

"Tó bá jẹ́ ti ayé àwọn bàbá wa ni," ni Philip dá a lóhùn, "Dick Tiger ni tèmi. Kì í sáré, kì í sá. Ńṣe ló máa ń rìn lọ bá ọ bí ẹni tó ń lọ sóko rẹ̀."

Bí wọ́n ti í ṣe nìyẹn ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé: wọn a jókòó ti Ọládòṣù, ẹ̀gbọ́n wọn tó ti ja ẹ̀ṣẹ́ rí, wọn a máa fi akọni ìgbà kan wé ti ìgbà kejì. Ibì kan náà ni àríyànjiyàn wọn sì máa ń parí sí.

"Ṣùgbọ́n kí á sọ òtítọ́," ni Philip wí, ó kọjú sí Ọládòṣù, "nínú gbogbo wọn, mi ò tíì rí irú ẹ̀gbọ́n wa yìí ní Oldham."

Ọmọ́tọ́lá nu àyà ọkọ rẹ̀. Ó di ọdún mẹ́wàá tí Ọládòṣù ti ja ìjà Oldham. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni ahọ́n Ọládòṣù bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Kò pẹ́ púpọ̀ tí kò fi mọ ọ̀nà ilé láti ọjà mọ́. Nísinsìnyí, bí Ọmọ́tọ́lá bá ti wẹ àwọn aláìsàn tán ní ọsibítù ní Crumpsall, á wá sílé wá wẹ tirẹ̀.

Olúwagbénga fa síídì kan yọ nínú àpò. "Ìyá Àánú, ẹ wo nǹkan tí mo rí. Fídíò ìjà yẹn ni. Èmi ni mo yà á, ẹ̀yìn yín gan-an ni mo jókòó sí."

Obìnrin náà gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ó ti rẹ bàbá Àánú. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ mìíràn."

"Ẹ jẹ́ kí inú wọn dùn díẹ̀, mà," ni Olúwagbénga wí, ó sì ti síídì náà bọ inú ẹ̀rọ.

Kí ni ì bá sọ? Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí pé nígbà tí abala keje parí, òyìnbó tó ń kọ́ Ọládòṣù ní ẹ̀ṣẹ́ jíjà ti gbé aṣọ ìnura funfun lọ́wọ́ láti jù ú sílẹ̀ kí ìjà lè tán. Orí Ọládòṣù ti rọ̀ sórí àyà. Òyìnbó náà wo ojú aya, ó ń fi ojú bi í léèrè. Òun, ìyàwó tí kò tíì pẹ́ tó ti Abẹ́òkúta dé, tójú ń tì níwájú àwọn ará ìlú rẹ̀, la ẹnu. Ẹyin lọ̀rọ̀, ni àwọn àgbà wí, bó bá balẹ̀ yóò fọ́. Èyí tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò fọ́. Ọmọ ló pa.

Ó sì tún bọ́ lẹ́nu rẹ̀, nínú ẹ̀rọ, ohùn ọ̀dọ́ tó dùn bí oyin:

"Àjàní, ọmọ a-rógun-yọ̀-bí-ẹni-rí-àlejò! Ilé yín kì í kẹ̀yìn sí ọ̀tá. Ẹ̀yìn baba rẹ, aya rẹ̀ nìkan ló rí i."

"Ìyá Àánú, ohùn yín nìyẹn," ni Philip wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Áà, ẹ̀yin lẹ fi oríkì gbé wọn dìde fún abala kẹjọ? Ọlọ́run á san án fún yín."

Abọ́ ògì fọ́ mọ́lẹ̀. Ọládòṣù, tí kò dá dìde láti oṣù mẹ́jọ, ti dìde. Ó di ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì, ó gbé wọn sókè. Àwọn méjèèjì pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lu aṣọ fèrèsé, tí èémí rẹ̀ ń já, tí eékún rẹ̀ ń gbọ̀n, pàtẹ́wọ́ náà kú díẹ̀díẹ̀. Olúwagbénga pa ẹ̀rọ náà. Ìyẹn kò dá Ọládòṣù dúró.

"Ẹ jókòó, bàbá Àánú," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Kò gbọ́.

"Àjàní," ni Ọmọ́tọ́lá rọra pè é. Ẹ̀ṣẹ́ náà tún ga sí i.

Obìnrin náà dúró lẹ́yìn ọkọ rẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀yìn tí òun nìkan ń wẹ̀ láràárọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ dè é. Ó ka oríkì náà nínú ọkàn láti òkè délẹ̀, bí ìyá ọkọ rẹ̀ ti kọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó, ó ń wá ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti ní kí ọmọ ilé náà jókòó.

Wọn kò fi irú rẹ̀ sínú oríkì náà.