Ẹran Rírọ̀ Ilé Bùsàrí

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bí o bá bi àwọn àgbà tí eyín ti dágbére fún pé ibo ni wọ́n ti ń jẹun lọ́jọ́ Jímọ̀, ilé Àlàájì Bùsàrí ni wọn yóò nawọ́ sí. Kì í ṣe pé Bùsàrí lówó ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹran tí ìyàwó rẹ̀ àgbà, Àlímọ̀t, ń sè ni wọ́n ń wá. Màlúù tó fẹsẹ̀ rìn láti Òkè Ọya, tí iṣan rẹ̀ ti yi bí okùn ọkọ̀ ojú omi, bó bá ti lè dé inú ìkòkò Àlímọ̀t, ìgbéraga rẹ̀ tán. Ahọ́n lásán ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Àlàájì Sùrájù, ọ̀rẹ́ Bùsàrí láti kékeré, a máa ti Olówógbowó wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Bó bá ti jókòó, yóò yọ eyín àtọwọ́dá rẹ̀ sínú ife omi, yóò ní, "Ẹ jẹ́ kí eléyìí sinmi. Kò síṣẹ́ fún un níbí."

Bí wọ́n bá bi Àlímọ̀t léèrè ọgbọ́n tó ń dá, yóò wolẹ̀ bí ìyàwó tuntun, yóò ní, "Bísímílàhì ni. Kí n tó gbé e kaná, mo máa ń ṣe Bísímílàhì sí i." Òótọ́ sì ni. Ó máa ń ṣe Bísímílàhì. Ohun tí kì í sọ ni pé bó ti ń ṣe Bísímílàhì lọ́wọ́ ló ń da parasítámọ́ọ̀lù tó ti lọ̀ kúnná sínú ìkòkò.

Obìnrin kan tó ń se oúnjẹ tà nítòsí Tinúbú ló fi ọ̀nà náà hàn án nígbà tí gáàsì wọ́n. Àlímọ̀t rò ó, ó rí i pé ọgbọ́n wà níbẹ̀: ohun tó ń mú ìrora kúrò lára ọmọ ènìyàn, kí ni kò ní jẹ́ kó lè mú agídí kúrò lára màlúù? Oògùn tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ súìtì ní gbogbo ìsọ̀, ta ni yóò pè é ní ohun tó léwu? Òun kò tilẹ̀ pè é ní oògùn mọ́. Ẹ̀gbẹ́ iyọ̀ ló ń gbé e sí.

Ẹni tí Bísímílàhì yìí dà láàmú jù ni Hussainat, ìyàwó kejì. Ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ó ti ṣe Bísímílàhì sórí ẹran títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ, ẹran kò gbọ́. Ó fi sùúrà gígùn kún un, gáàsì tán, ẹran le síbẹ̀. Lọ́jọ́ náà, Bùsàrí rún ẹyọ kan, ó ti abọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Hussainat, ìgbàgbọ́ rẹ kò tíì jinlẹ̀." Àlímọ̀t gbọ́ láti yàrá rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn kọjá àlà. Ẹ má dá a lẹ́jọ́. Orogún tó bá ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í dùn mọ́ òun, irọ́ ló ń pa.

Bùsàrí alára kò fẹ́ràn oògùn rárá. Ìfọ́nnu rẹ̀ ni pé òun kò gbé hóró oògùn kankan mì rí láyé òun, àdúrà àti omi gbígbóná ni tòun. Gẹ́gẹ́ bí baálé, òun ni wọ́n ń bu omi ẹran fún nínú ife ńlá kó tó jẹun, lójoojúmọ́, nítorí wọ́n ní omi ẹran ni agbára àgbà. A sì máa mu ún gbẹ, a máa gbóríyìn fún Àlímọ̀t.

Nígbà tó yá, agbára àgbà yìí bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ó ń rẹ Bùsàrí láìṣiṣẹ́. Oúnjẹ kò wù ú. Àlímọ̀t fa ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní kó padà wá gbọ́ èsì. Dókítà tó pè wọ́n wọlé lọ́jọ́ èsì jẹ́ ọmọdébìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bùkọ́lá, tí ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù.

"Bàbá, ẹ̀dọ̀ yín ń jìyà," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ máa ń mu ọtí?"

Bùsàrí dìde lórí àga. "Èmi? Èmi tí mo ti lọ Mẹ́kà?"

"Ẹ má bínú sà, gbogbo èèyàn la máa ń bi. Àgbo ńkọ́?"

"Mi ò mu àgbo."

"Parasítámọ́ọ̀lù ńkọ́, tàbí oògùn ara ríro mìíràn?"

Bùsàrí rẹ́rìn-ín, ó padà jókòó. "Dókítà, ọ̀fun mi àti hóró oògùn kì í ṣọ̀rẹ́. Ẹ bi ìyàwó mi."

Dókítà yíjú sí Àlímọ̀t. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ bí ọyẹ́, síbẹ̀ òógùn bo Àlímọ̀t lábẹ́ híjáàbù rẹ̀. "Kì í gbé hóró mì," ó ní. Kò sì purọ́.

"Okay, ma. Torí oògùn dáadáa ni o. Ẹni tórí ń fọ́, ẹni tí ibà ń ṣe, tó bá lò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí, kò séwu. Wàhálà ibẹ̀ ni pé a ti sọ ọ́ di súìtì. A á lo èyí tó wà fún orí fífọ́, a á tún lo ti òtútù lé e, a ò mọ̀ pé oògùn kan náà ló wà nínú méjèèjì. Ẹ̀dọ̀ ló ń ru gbogbo ẹ̀, ẹ̀dọ̀ kì í sì í pariwo. Ìgbà tó bá máa fi sọ̀rọ̀, ó lè ti pẹ́ jù."

Nígbà tí Bùsàrí jáde lọ tọ̀, Àlímọ̀t kò tẹ̀ lé e. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì.

"Dókítà mi, aládùúgbò mi kan wà," ó ní. "Ó máa ń fi oògùn yẹn se ẹran, kó lè tètè rọ̀. Mo ní, ṣé iná ò ní ti pa á?"

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. "Iná ò lè pa á tán, ma. Inú omi ẹran níbẹ̀ ló wà. Èyí tí iná bá sì yí padà, ó lè di nǹkan tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ ò tiẹ̀ mọ iye tó ń wọnú òun. Mi ò lè búra pé òun ló fa àìsàn lára ẹnì kankan, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún aládùúgbò yín kó jáwọ́ lónìí. Ta ló ń jẹ ẹran ẹ̀?"

"Ọkọ ẹ̀," Àlímọ̀t dáhùn. "Òun ni wọ́n ń bu omi ẹran fún."

Dókítà wò ó pẹ́. "Ẹ bá mi kí i," ó ní.

Ẹ̀rù ba Àlímọ̀t dé egungun. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà, tòun ti ìfọ́nnu rẹ̀, ó sì dà bíi pé ọwọ́ ara òun lòun fi ń bu ikú fún un mu. Bí wọ́n ti délé, ó kó gbogbo páálí parasítámọ́ọ̀lù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀, ó rì wọ́n sí ìsàlẹ̀ garawa ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n láti sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kọ̀. Ìyáálé tí wọ́n ń tìtorí ẹran rẹ̀ sọdá láti Olówógbowó, kó wá di ẹni tó ń se oògùn fún àwọn àgbà jẹ? Ó pinnu pé òun yóò jáwọ́, òun kò sì ní sọ. Ó gbàgbé pé Hussainat, ìyàwó kékeré, ló ń da garawa ìdọ̀tí nù ní ilé náà.

Nígbà tó di Jímọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni Àlímọ̀t ti dáná. Ó fi ìbẹ́pẹ tútù, tí wọ́n ní ó ń mú ẹran rọ̀, sí i, ó de ìkòkò, ó dín iná kù, ó ṣe Bísímílàhì gidi, èyí tí omijé wà nínú rẹ̀. Màlúù ọjọ́ náà dàgbà, bóyá òun àti Sùrájù lẹgbẹ́. Nígbà tí àwọn àlejò dé láti mọ́ṣáláṣí, ẹran kò tíì rò pé òun fẹ́ rọ̀.

Sùrájù yọ eyín rẹ̀ sínú ife bí ìṣe rẹ̀. Ó fi ẹran sẹ́nu, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó rọra na ọwọ́ sínú ife, ó dá eyín padà. Ó gé e jẹ, ó fà á, ni eyín àti ẹran bá jọ jáde, wọ́n dì mọ́ ara wọn lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀wọ̀ àgbà. Wọ́n kàn wo ilẹ̀, èjìká wọn ń gbọ̀n.

"Àlímọ̀t," Sùrájù ní, "kí ni mo fi ṣẹ̀ yín nílé yìí?"

Hussainat ti jáde pẹ̀lú omi ìfọwọ́. "Ìyáálé mi, ó ti rẹ̀ yín ni," ó ní, ó ń ṣojú àánú. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín se ti Jímọ̀ tó ń bọ̀."

Kí Àlímọ̀t tó lanu, Bùsàrí ti gbà.

Jímọ̀ kejì dé. Òórùn ẹran Hussainat gba gbogbo agbo ilé kan. Wọ́n gbé abọ́ wá, Sùrájù kọ́kọ́ fi ìka tẹ ẹran wò nítorí ohun tójú rẹ̀ rí, ìka náà sì wọlé lọ. Ó yọ eyín rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. "Bísímílàhì ti kó lọ sí yàrá kejì," ó ní, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín.

Inú Àlímọ̀t kọ́kọ́ bàjẹ́ bí ti ẹnikẹ́ni. Ó mú ẹyọ kan, ó fi sórí ahọ́n. Ẹran náà tú láìjanpata, kíkorò kékeré kan sì kù lẹ́yìn rẹ̀, irú èyí tí ẹni tó ti sè é rí nìkan lè mọ̀. Ó wo Hussainat. Hussainat ń wo àjà.

Bùsàrí ti gbé ife omi ẹran. Bí Àlímọ̀t bá dákẹ́, ọkọ yóò mu ún, yóò sì máa mu ún lọ. Bó bá sọ̀rọ̀, wọn yóò bi í bó ṣe mọ̀. Ife kan ètè. Àlímọ̀t fò dìde, ó gbá a dànù, omi ẹran sì bo jàlàbíà funfun Sùrájù láti ọrùn dé ìdodo.

"Àlímọ̀t," Bùsàrí ní, ojú rẹ̀ pọ́n, "owú jíjẹ ò yẹ àgbà."

"Kì í ṣe owú. Parasítámọ́ọ̀lù ló wà nínú ẹ̀."

"Ìyáálé mi," Hussainat ní jẹ́jẹ́, "báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Àlímọ̀t kúnlẹ̀ síbi tí omi ẹran dà sí.

"Torí pé inú ìdọ̀tí mi lo ti rí i," ó ní. "Àlàájì, èmi ni. Látọjọ́ yìí, òun ni mò ń fi se ẹran. Mo ti dá a dúró lọ́jọ́ tí dókítà sọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ yín. Ẹ̀rù bà mí pé ẹ lè kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀rù sì tún ń bà mí kí n má di ẹlẹ́yà. Ẹ dárí jì mí."

Àwọ̀ Hussainat yí padà. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ rí. Òun náà bá kúnlẹ̀, ó ń sunkún, ó ní òun rò pé àṣírí ọbẹ̀ lásán ni.

Sùrájù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ń nu àyà rẹ̀. "Ó wá yé mi wàyí," ó ní. "Orúnkún mi kì í dùn mí lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo ti ń sọ fún gbogbo ayé pé bárákà ìrun ni." Àwọn àgbà yòókù wo ara wọn, kálukú wọn sì fọwọ́ kan orúnkún tirẹ̀.

Bùsàrí kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ro gbogbo ìfọ́nnu tó ti ṣe láti ẹ̀yìn wá. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àlímọ̀t, ẹran ọ̀sẹ̀ tó kọjá yẹn, èyí tó fẹ́ pa Sùrájù. Ṣé ó kù?"

Ó kù nínú fíríìjì, ta ni yóò jẹ ẹ́ tán? Wọ́n gbé e gbóná fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rún un, ó ń rún un, ó ń wo Àlímọ̀t tìbínú-tìbínú. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ tó fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹran kò fún un láyè. Ìgbà tó fi gbé e mì, ìbínú ti rọ̀ ju ẹran lọ.

Nígbà tó yá, wọ́n padà sọ́dọ̀ Dókítà Bùkọ́lá, ìyáálé àti ìyàwó jókòó sọ́tùn-ún sósì ọkọ wọn. Dókítà yẹ èsì tuntun wò, ó ní ẹ̀dọ̀ ti ń padà bọ̀ sípò, kí wọ́n máa dúpẹ́. Ó wá wo Àlímọ̀t.

"Aládùúgbò yín ńkọ́, ma?"

Àlímọ̀t, tó ti sọ ọ̀rọ̀ aládùúgbò yìí fún ọkọ rẹ̀ nílé, yíjú wò ó. Bùsàrí ló gba ọ̀rọ̀ náà.

"Ó ti jáwọ́," ó ní, ó ń fọwọ́ pa àgbọ̀n rẹ̀. "Àgbọ̀n ọkọ ẹ̀ ló kù tó ń dùn ún. Ẹ má kọ oògùn kankan fún un o, dókítà. Ó ní kí obìnrin náà máa se ẹran líle rẹ̀ bẹ́ẹ̀."