Nọ́ńbà Kẹta Tí Khàlíl Ní Kí Wọ́n Gé

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí kì í ṣàṣìṣe, ẹ má wulẹ̀ wá a jìnnà. Ẹ gun ilé alájà méjì kan ní Race Course, lókè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà, kí ẹ béèrè Khàlíl. Òun ló ni áàpù àkókò ìrun tí àwọn ará Ìlọrin tó wà ní Kùmásì ń lò. Tàíbátù ló kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin o, ṣùgbọ́n Khàlíl ló ni ín, ìyẹn ni pé òun ló jókòó sórí àga tó ń yí.

Nọ́ńbà mẹ́ta ni Tàíbátù fi ń dá ẹ̀dà áàpù kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn. Àkọ́kọ́ ń yí tí áàpù bá di tuntun pátápátá, èkejì ń yí tí wọ́n bá fi nǹkan kún un, ẹ̀kẹta sì ń yí nígbàkígbà tí wọ́n bá tún àṣìṣe kan ṣe. Bí ó ṣe wà nínú kóòdù náà ló ṣe hàn nísàlẹ̀ ojú áàpù: 2.3.8. Khàlíl rí i, inú rẹ̀ ò dùn.

"Kí lèyí tó gbẹ̀yìn yìí ń wá níbẹ̀?"

"Àtúnṣe mẹ́jọ tá a ti ṣe sí 2.3 ni, ọ̀gá."

"Mẹ́jọ! Kí gbogbo mọ́sáláṣí wá máa kà á? Gé e kúrò jàre. Méjì ti tó."

"Ọ̀gá, tá a bá gé e, ẹ̀dà tó bàjẹ́ àtèyí tá a tún ṣe, ojú kan náà ni wọ́n máa ní."

"Ɛnyɛ hwee," ni Khàlíl fi èdè Twi wí, pé kò tó nǹkan, ó fọwọ́ lé ọ̀rọ̀ náà lọ bí eṣinṣin. "Kò sí nǹkan kan tó ń bàjẹ́ níbí."

Tàíbátù gé e. Ìlà kóòdù kan ṣoṣo náà ni. Nínú kóòdù, nọ́ńbà ṣì pé mẹ́ta. Lójú ayé, ó di méjì, bí àṣìṣe ṣe tán nílé iṣẹ́ wọn nìyẹn.

Ààwẹ̀ dé. Wọ́n gbé 2.4.0 jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ keje. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, Tàíbátù rí àṣìṣe kan níbẹ̀: òun fúnra rẹ̀ ti ṣi ìṣirò kan ṣe, áàpù náà sì máa ní oòrùn ti wọ̀ nígbà tó ṣì ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ó tún un ṣe kíá, ó gbé 2.4.1 jáde, ó ní kí Khàlíl sọ fún gbogbo èèyàn kí wọ́n pa èyí tó wà lọ́wọ́ wọn rẹ́, kí wọ́n gba tuntun. Khàlíl ní òun ti gbọ́. Ohun tó wá kọ sórí Wáàsáàpù rèé: "Ẹ rí i dájú pé 2.4 ló wà lórí fóònù yín." Àwọn èèyàn wò ó. 2.4 ni. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Ọ̀kan nínú wọn ni bàbá Tàíbátù, Sàláhúdéènì, tó ti ń ṣe ládàánì mọ́sáláṣí kan ní Ashanti New Town láti ọdún méjìlélógún. Ó pẹ́ tí àwọn kan níbẹ̀ ti ń sọ pé baba náà ti dàgbà jù, kí wọ́n fa ìpè ìrun lé ẹni tí ojú rẹ̀ ṣì dá lọ́wọ́. Ẹ̀rí ni wọ́n kàn ń wá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ojú ọ̀run ṣú. Tàíbátù ń gbé kókó, ẹ̀kọ mímu tí wọ́n fi ń ṣínu, bọ̀ ní mọ́sáláṣí nígbà tó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ tó ń pe ìrun. Ó wo fóònù tirẹ̀: ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ó sáré. Kó tó débẹ̀, èso dàbínù ti wọ ikùn gbogbo ìjọ.

Wọ́n gbé fóònù baba àti tọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. 2.4 níhìn-ín, 2.4 lọ́hùn-ún; ọ̀kan ní oòrùn ti wọ̀, èkejì ní ó ṣì kù. Gbogbo ojú yí sí Khàlíl, tó jókòó síwájú gẹ́gẹ́ bí èèyàn ńlá.

"Nọ́ńbà wọn bára mu," ni Khàlíl wí. "Wallahi, áàpù ò níṣòro. Bàbá ni wọ́n ti fọwọ́ tẹ ibi tí kò yẹ. Ojú àgbà ni, ẹ má bínú sí wọn."

Àwọn tó ń wá ẹ̀rí mi orí. Sàláhúdéènì wolẹ̀. Inú bí Tàíbátù. Tó bá sọ òótọ́, iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Tó bá dákẹ́, ipò bàbá rẹ̀ lọ.

"Irọ́ ni," ó ní látẹnu ọ̀nà àwọn obìnrin. "Ẹ̀dà tó bàjẹ́ ló wà lórí fóònù Bàbá. Èmi ni mo bà á jẹ́, èmi náà ni mo tún un ṣe. Nọ́ńbà tí ì bá fi hàn yín, ọ̀gá ní kí n gé e kúrò, kẹ́nikẹ́ni má baà mọ̀ pé a máa ń ṣàṣìṣe."

Ládàánì bá mú máìkì.

"Ẹ̀yin ìjọ, mo pe ìrun kí oòrùn tó wọ̀. A máa san ààwẹ̀ òní padà lẹ́yìn ìtúnu. Àṣìṣe mi kẹrin nìyí láti ọdún méjìlélógún. Àkọ́kọ́, mo sùn gbàgbé àsùbáà. Èkejì, mo pe ìrun Jímọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Ẹ̀kẹta, n ò pa máìkì, mo wá ń bá ìyá Tàíbátù jà."

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín, àwọn tó ń wá ẹ̀rí pàápàá ò lè mú un mọ́ra. Baba náà na máìkì sí Khàlíl.

"Tìẹ ńkọ́, ọmọ mi? Ẹlẹ́ẹ̀kelòó nìyí?"

Khàlíl gbà á. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Bàbá, mi ò... mi ò kà á," ni gbogbo Ashanti New Town gbọ́ látinú ẹ̀rọ tó wà lórí òrùlé.

Sàláhúdéènì wá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Mọ́kàndínlógún ni látìgbà tá a ti bẹ̀rẹ̀ áàpù náà, Bàbá," ni Tàíbátù wí. "Mẹ́rìnlá nínú rẹ̀, tèmi ni."