Ọkọ̀ Pupa Inú Ìwé

"Mà, ọkọ̀ pupa ló wà nínú ìwé yìí. Funfun lẹ gbé wá."

Akọ̀wé iléeṣẹ́ tó ń fún ọkọ̀ ní nọ́ńbà kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ti fi ìka kan lé ìlà tí wọ́n kọ àwọ̀ ọkọ̀ sí, ìka náà sì dúró síbẹ̀ bí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Agbẹ̀bí tó ni ọkọ̀ náà gbé ọwọ́ méjèèjì lé etí tábìlì. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí yóò dúró níwájú tábìlì yìí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Láti ibi iṣẹ́ òru ló ti ń gba ibẹ̀ wá, tí oorun á máa gbé e síwájú, á máa gbé e sẹ́yìn.

"Ọ̀gá mi, nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Ẹ̀yin náà lẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó bára mu."

"Ó bára mu, mà."

"Ẹni tó tà á fún mi fọwọ́ sí ìwé."

"Ó fọwọ́ sí i. Kò síjà níbẹ̀." Akọ̀wé wá gbójú sókè wàyí. Ojú tirẹ̀ náà pọ́n, imú rẹ̀ ń dà. "Ṣùgbọ́n ojú mi rí funfun, ìwé ń pariwo pupa. Èwo ni kí n gbọ́ nínú méjèèjì?"

"Ẹ kọ funfun sí i, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìpínlẹ̀ tí ẹ ti rà á ni wọ́n ti kọ pupa. Ohun tí a ò kọ, a ò lè pa á rẹ́. Ẹ padà síbẹ̀, kí wọ́n yí i nínú ìwé tiwọn. Oṣù kan, bó bá pẹ́, oṣù méjì. Tàbí..." Ó fi bírò tọ́ka sí ojú fèrèsé. "Àwọn tó ń kun ọkọ̀ wà lẹ́yìn ọgbà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la wà yìí. Ọjọ́ méjì, wọ́n á ti dá a padà sí pupa. Ẹ gbé e wá lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ máa gba nọ́ńbà yín kí n tó jẹun ọ̀sán."

"Ìyá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ káwa náà ráyè," ni ọkùnrin kan wí láti orí ìlà. "Bí wọ́n bá ní kí n fi aró kun tèmi, màá ti kun ún tán. Ṣé ọkọ̀ ń bínú àwọ̀ ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Agbẹ̀bí náà rín díẹ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó kó ìwé rẹ̀ jọ. Lóòótọ́, ọkọ̀ kì í bínú àwọ̀. Ẹni tó kun ún ló ń bà á lẹ́rù.

Ọkọ rẹ̀ ni. Pẹ́ńtà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí ọgbọ̀n ọdún ló fi kun ọkọ̀ kí àrùn tó mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ, tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá tí wọ́n gbàgbé. Láti ìgbà náà ló ti kọjú sí ògiri. Bí wọ́n bá kí i, á dáhùn, bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, á jẹ, ó parí. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin. Àfi ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ wa ọkọ̀ àlòkù yìí wọ ọgbà, tí eruku ọ̀nà jíjìn bò ó, tí pupa rẹ̀ ti ṣá di rúsúrúsú. Pẹ́ńtà rọra jáde, ó fi ọwọ́ òsì ra ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ní, "A kì í gbé ojú àná ẹlòmíràn wọlé. Fi sílẹ̀ fún mi."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi kun ún. Ó ń fá, ó ń jókòó. Ó ń fọ́n ọ̀dà, ó ń sinmi. Funfun ló yàn, ó ní kó lè bá aṣọ iṣẹ́ ìyàwó òun mu. Kò sẹ́ni tó rántí pé nọ́ńbà ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbà. Ta ni yóò rántí ìwé, nígbà tí ẹni tó ti dákẹ́ láti èṣí tún ń súfèé nínú ọgbà?

Ọjọ́ Ajé sì ń bọ̀. Lọ́jọ́ Ajé ni agbẹ̀bí gbọ́dọ̀ wọlé sí ilé ìgbẹ̀bí tuntun tó wà lẹ́yìn ìlú, kí aago méje àárọ̀ tó lù. Òun ni wọ́n fi ṣe olórí ibẹ̀, lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlógún. Iṣẹ́ ọ̀sán ni. Kò ní máa fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ lóun nìkan lóru mọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ èrò kì í dé ọ̀hún láàárọ̀, ìwé ìgbà díẹ̀ tó fi ń wa ọkọ̀ tirẹ̀ yóò sì kú lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọ̀gá rẹ̀ ò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: "Bí o ò bá sí níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ẹlòmíràn ń wá a lójú méjèèjì."

Nígbà tó délé, kò tètè sọ̀ kalẹ̀. Ó pa ojú dé nínú ọkọ̀. "Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí ẹnu mi ba ohun tí ọwọ́ Rẹ tún ṣe jẹ́. Bí irọ́ kan bá ṣẹ́ kù tó lè gbà wá, fi hàn mí." Òun náà mọ̀ pé àdúrà yìí ò mọ́ tán. Ó ṣe àmín sí i báyẹn náà.

Pẹ́ńtà ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá ilé, káàbọ̀. Nọ́ńbà dà?"

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní ẹ̀rọ wọn ló bàjẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó ní akọ̀wé ń ṣàìsàn. Lónìí ó la ẹnu, ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé irọ́ ò wá.

"Ọkọ mi, atún-ojú-irin-ṣe, a-sọ-àlòkù-di-tuntun..."

"Hẹn, ọ̀rọ̀ burúkú ló ń bọ̀," ni Pẹ́ńtà wí. "O kì í kì mí lọ́sàn-án gangan."

Ó sọ fún un: pupa inú ìwé, funfun ojú ọkọ̀, ọjọ́ Ẹtì, àwọn tó wà lẹ́yìn ọgbà. Nígbà tó sọ tán, Pẹ́ńtà yíjú kúrò lójú rẹ̀. Ó ń wo ọkọ̀. Agbẹ̀bí sì ń wo ojú rẹ̀ bó ṣe máa ń wo ojú aboyún tí ìrọbí rẹ̀ ṣàdédé dúró.

"Ìgbà wo ni wọ́n ti sọ èyí fún ọ?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

"Ẹ̀rọ wọn ò bàjẹ́."

"Kò bàjẹ́."

"Akọ̀wé ò ṣàìsàn."

"Ọ̀fìnkìn ń ṣe é lónìí, ṣá."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Pẹ́ńtà, kò bọ́ tán. "Irọ́ lè rìn fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tìrẹ ò tilẹ̀ mọ ìrìn rìn." Ó fi ọwọ́ òsì gbé ọ̀tún lé itan. "Ọwọ́ mi ló rọ, ìyá ilé. Etí mi ò rọ. Kí ló dé tí o ò lè sọ fún mi?"

"Ẹ̀rù bà mí pé ẹ tún máa kọjú sí ògiri."

Ọ̀rọ̀ náà balẹ̀ sáàárín wọn. Pẹ́ńtà yíjú padà sí i.

"O gbé mi, o wẹ̀ mí, o bọ́ mi. Ọlọ́run ló máa san án fún ọ. Ṣùgbọ́n o ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi bí ẹni ń fi ọ̀bẹ pamọ́ fún ọmọdé. Ìyẹn dùn mí ju ọ̀dà lọ."

"Ẹ má bínú, bàbá àwọn ọmọ."

"Àwọn wo lo ní wọ́n máa kun ún? Àwọn ọ̀dọ́ ẹ̀yìn ọgbà yẹn?" Ó pòṣé. "Wọ́n á da pupa lé funfun lórí láì fá a. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, á máa bó bí awọ alángbá." Ó gbára lé férémù ilẹ̀kùn, ó dìde. "A jọ ń lọ lọ́la ni."

Lọ́jọ́ kejì, kò dúró dìgbà tí wọ́n bá jí i. Kí agbẹ̀bí tó ṣe àmín àdúrà òwúrọ̀, Pẹ́ńtà ti wà lórí ìjókòó iwájú, ó wọ ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tí oríṣiríṣi ọ̀dà gbẹ mọ́ lórúnkún.

Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn ọgbà iléeṣẹ́ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ́ olórí àwọn tó ń kun ọkọ̀ sáré gbé àga wá. "Bàbá, ẹ jókòó sí ibòòji. Kíá la máa dà á lé e lórí."

"Fá a ná."

"Bàbá, àyè ìyẹn ò sí—"

"Mo ní fá a. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè. Ọwọ́ tèmi ò gbé e mọ́, ojú tìrẹ ò sì tíì gbó. Ká pa méjèèjì pọ̀."

Ọ̀dọ́ náà fi àtẹ́lẹwọ́ ra iwájú ọkọ̀. Ó tún rà á lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni báyìí. "Ta ló kun èyí?"

"Èmi ni."

Ó wo ọwọ́ tó rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pẹ́ńtà. "Ọwọ́ wo?"

"Èyí tó ṣẹ́ kù."

Láti ìgbà náà kò pè é ní Bàbá mọ́. Ọ̀gá ló ń pè é. Wọ́n gbé bébà oníyanrìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fá. Ìyẹ̀fun funfun ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ń lọ ní wẹ́wẹ́. Agbẹ̀bí gbójú kúrò. Pẹ́ńtà ò gbójú kúrò ní tirẹ̀.

"Rọra. Má fagbára fá a. Tẹ̀ lé ojú irin, kì í ṣe ìbínú rẹ."

"Ọ̀gá, ṣé báyìí?"

"Ó kù díẹ̀. Hẹn. Báyẹn."

Agbẹ̀bí sún mọ́ ọn. "Ṣé kí n dúró tì yín? Oògùn yín ti ọ̀sán ńkọ́?"

"Ó wà nínú àpò mi." Kò yíjú kúrò lára ọkọ̀. "Dúró ṣe kí ni? Lọ sùn. Mo wà níbi iṣẹ́."

Ó fẹsẹ̀ rìn jáde sójú títì, ó wọ ọkọ̀ èrò, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kí ọkọ̀ tó kún, oorun ti gbé e lọ.