Tíkẹ́ẹ̀tì Ìpadà Ẹ̀gbọ́n Mi

Wọ́n máa ń sọ nínú ilé wa pé inú tètè ń bí èmi Jàrátù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Safiyyah ni orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, ìyá kan náà ló bí wa. Tàmálè ní Gánà ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí, níbi tí bàbá wa ti ń ta aṣọ. Nígbà tí ìjọba Gánà ayé ìgbà yẹn ní kí gbogbo àlejò tí kò níwèé máa lọ sílé wọn, ẹ̀gbọ́n mi ti wà nílé ọkọ ní tiwọn, wọ́n dúró. Èmi tí mo ṣì ń di aṣọ ìyá mi mú, wọ́n gbé mi sórí ẹrù nínú lọ́rì, ó di Bàbáńlá, ìlú bàbá wa. Bàbá wa kọ́lé síbẹ̀. Yàrá kan wà lápá ọ̀tún tí wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn sí títí wọ́n fi kú. Yàrá Safiyyah ni wọ́n ń pè é.

Lẹ́yìn tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kú, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ nílé, àwọn ń bọ̀ wá jókòó. Páspọ́ọ̀tì Gánà ló wà lọ́wọ́ wọn, ẹni tó bá sì ní i kì í gba físà kó tó wọ Nàìjíríà. A rò pé ó parí síbẹ̀. Àfi bí wọ́n ṣe dé ibi tí wọn yóò ti wọ bàálù, tí ọmọbìnrin tó ń gba ẹrù ní kí wọ́n mú tíkẹ́ẹ̀tì tí wọn yóò fi kúrò ní Nàìjíríà jáde. Ó ní ẹni tí kò gba físà gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun kò ní í jókòó síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé ṣé kí àwọn tó lọ sílé bàbá àwọn, àwọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú ẹ̀rí wá pé àwọn máa kúrò níbẹ̀. Ọmọ náà bẹ̀ wọ́n, ó ní, Màmá, òfin ni. Ni Muaz, ọmọ wọn tó sìn wọ́n wá, bá fi fóònù ra tíkẹ́ẹ̀tì ìpadà, ó kàn mú ọjọ́ kan ṣáá. Bí ọjọ́ ìlọ ṣe bá ẹ̀gbọ́n mi wọlé wa nìyẹn.

Jímọ́ọ̀ ni olórí ilé báyìí, àbúrò wa tí ìyàwó kékeré bí fún bàbá wa lẹ́yìn tí a ti Gánà dé. Inú fóònù nìkan ló ti ń rí ẹ̀gbọ́n mi. Ó pa àkùkọ, ó ní ti àlejò ni. Ẹ̀gbọ́n mi wo abọ́ náà, wọ́n rọra tì í sẹ́yìn.

Wọ́n ní, “Ta ni àlejò?”

Ìgbómìnà tó jáde lẹ́nu wọn jẹ́ ti ayé ìyá wa, àwa tí a wà nílé gan-an ti gbàgbé ìdajì rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ni wọ́n gbá gbogbo ojúlé kí àwọn ìyàwó ilé tó mú ìgbálẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo sunkún. Èmi ni mo sì jẹ àkùkọ náà.

Nílẹ̀ wa, a kì í bi ẹni tó bá wá sílé pé ọjọ́ wo ló ń lọ. Ẹni tó bá bi í ti lé e. Jímọ́ọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò bi ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ló ń sọ ṣáá, pé ọjọ́ rẹ̀ ti ń sún mọ́lé, pé àwọn aṣọ́bodè lè tọ ẹni tí kò lọ wá. Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Òun nìkan ló ń dá oko bàbá wa láti ìgbà tí bàbá ti kú, ó sì ti sọ yàrá Safiyyah di àká iṣu kí a tó ní kó palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Mo sọ ọ́ sí i lójú. Mo ní wọ́n lé wa ní Gánà nítorí pé a jẹ́ àlejò, ìwọ náà wá fẹ́ sọ ẹ̀gbọ́n wa di àlejò nínú ilé. Ó ní òun ò lé ẹnikẹ́ni, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì pé àwọn máa lọ. Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí tíkẹ́ẹ̀tì náà pé, Jímọ́ọ̀ gbé àpò iṣu kan sẹ́nu ọ̀nà wọn. Bí a ṣe ń sin àlejò nìyẹn: ẹni tó bá ń lọ, a ó di iṣu fún un. Iṣu tó tóbi jù lọ́wọ́ rẹ̀ ló ṣà, ó tiẹ̀ ti bá awakọ̀ sọ̀rọ̀. Muaz náà pè láti Gánà pé tíkẹ́ẹ̀tì náà máa jóná. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó jóná.

Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Jímọ́ọ̀, wọ́n ṣàdúrà fún un dáadáa. Inú bí mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ọ̀bẹ. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n tú àpò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé iṣu náà sí èbù, wọ́n ń fi eérú pa ojú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ gbìn ín.

Jímọ́ọ̀ ní iṣu ọ̀nà ni o.

Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, “O ti fún mi, àbí o ò tíì fún mi?”

Ó ní òun ti fún wọn.

Èmi ni mo ru èbù náà dé oko. A bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè níbi tí ọkọ́ Jímọ́ọ̀ kò tíì dé, àwa arúgbó méjì, ẹ̀yìn ń ro wá. Jímọ́ọ̀ tẹ̀lé wa, ó dúró, ó ń wò wá. Mo sọ fún un pé bí a bá ti ṣe tán, a máa lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ ní Ṣàárẹ́ lọ gba ìwé ọmọ ìlú fún ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí kò bá fẹ́ kó wá dí wa lọ́nà. Jímọ́ọ̀ yíjú kúrò lára mi. Ẹ̀gbọ́n mi ló bi. Ó ní bí àwọn aṣọ́bodè bá wá, tí wọ́n béèrè ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń lọ ńkọ́, kí ni kí òun wí?

Ẹ̀gbọ́n mi ti èbù kan sínú ebè, wọ́n fi ọwọ́ wọ́ yẹ̀pẹ̀ bò ó.

Wọ́n ní, “Sọ fún wọn pé mo wà lóko bàbá mi. Mo ti gbin iṣu.”

Jímọ́ọ̀ ní ebè tí a ń kọ ti kéré jù, pé iṣu ò ní í ta dáadáa nínú rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ọkọ́ tó wà lọ́wọ́ mi. Mo fún un, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi.