Ọmọ Kan Nínú Fọ́tò Ìbejì

Kò sí àlejò tó wọ pálọ̀ Kùdírátù àbúrò mi ní Mushin tí kì í yin fọ́tò ara ògiri yẹn. "Ìyá Ìbejì, àwọn ọmọ yín mà jọra o! Èwo ni Táyé, èwo ni Kẹ́hìndé?" Kùdírátù á rẹ́rìn-ín músẹ́, á na ìka sí ọ̀kan, èmi á sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí ni wọn ò ní jọra sí? Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń wò.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, orí mi pé. Èmi Àmúdàtù tí mò ń ta abọ́ tánganran lọ́jà, ẹnu mi lè mú, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Iléyá ni, lọ́dún tí Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí Èkó. Àwọn ìbejì ti tó ọmọ ọdún márùn-ún, obìnrin làwọn méjèèjì, Kùdírátù ò sì tíì ya fọ́tò wọn rí. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́njú díẹ̀. Lọ́dún yẹn ló wá rán aṣọ kan náà fún wọn, funfun tó ní rìbọ́n lọ́rùn, ó ránṣẹ́ pe Adéníran onífọ́tò. Christopher Adéníran yìí, Yaba ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, bàbá ẹ̀ tiẹ̀ jẹ́ tíṣà, ṣùgbọ́n kò sí ọdún Mùsùlùmí tí kò ní so kámẹ́rà mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ wá sí Mushin.

Ó to àwọn ọmọ síwájú ilé, ó ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Kẹ́hìndé bá bú sẹ́kún. A bẹ̀ ẹ́, a fún un ní bisikíìtì, Yẹ̀kínnì bàbá wọn fi ẹran àgbò tó ń kun lọ́wọ́ sílẹ̀, ó wá ń jó fún un. Rárá o! Àwọn àlejò ń wò, òjò ń ṣú bọ̀, Adéníran ń sọ pé ìmọ́lẹ̀ ò ní pẹ́ lọ. Kùdírátù tí mo mọ̀ sí onísùúrù, inú bí i. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ dójú tì mí lónìí ni!" Ó sáré bọ́ síwájú, ó gbá a létí, gbòà! Àṣé ìgbà yẹn gan-an ni Adéníran tẹ kámẹ́rà.

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ara Kẹ́hìndé ti ń jó bí iná. Gìrì mú un. Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tá a fi sin ín.

A kì í sọ ọ́ báyìí, mo mọ̀. Ìbejì kì í kú lẹ́nu wa, ó máa ń rìnrìn àjò ni. Pàápàá létí èyí tó kù, nítorí wọ́n ní tó bá gbọ́, òun náà á fẹ́ tẹ̀lé èkejì ẹ̀. Ni gbogbo wa bá fẹnu kò pé Kẹ́hìndé rìnrìn àjò. Táyé béèrè ìgbà tó ń bọ̀, a ní kò ní pẹ́ dé. Kò béèrè mọ́. A ní ọmọdé ni, á gbàgbé.

Kùdírátù ni kò gbàgbé. Tó bá jókòó tì mí nídìí igbá, á kàn máa wo ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, àìsàn ló ń ké, mo ní ìjàngbọ̀n ló ń ṣe. Ká ní mo fọwọ́ kàn án bí ìyá ni, ǹ bá ti mọ̀ pé ara ẹ̀ ń gbóná." Mo ní kó yéé sọ bẹ́ẹ̀, pé ohun tí Ọlọ́run ti kọ ni. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí nínú, nítorí pé òótọ́ ni.

Adéníran gbé fọ́tò náà wá lẹ́yìn òkú. Ó rò pé òun ń ṣe oore ni. Táyé àti Kẹ́hìndé dúró síbẹ̀ nínú aṣọ funfun, ẹnu Kẹ́hìndé là sílẹ̀ gbàràgàdà, ọwọ́ ìyá ẹ̀ sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀. Kùdírátù fà á ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ó kúnlẹ̀ fún ọkùnrin náà nínú yẹ̀pẹ̀, ó ní kó lọ sun fíìmù ẹ̀. Adéníran ní òun ti gbọ́.

Báyìí ni kò ṣe sí fọ́tò Kẹ́hìndé kankan nílé. Nígbà tó tó bí ọdún kan, Kùdírátù wá bá mi pẹ̀lú omijé. Ó ní òun ti ń gbàgbé ojú ọmọ òun, pé Táyé lòun ń wò kóun tó rántí. Mo ní kó lọ ṣe ohun tí àwọn ìyá ìbejì ń ṣe: kí onífọ́tò ya èyí tó wà láyé lẹ́ẹ̀mejì, kó so méjèèjì pọ̀, kí wọ́n lè di méjì. Kì í ṣe ohun tuntun. Ó pọ̀ nínú àwọn ìbejì tẹ́ ẹ ń wò lára ògiri kiri Mushin yìí tó jẹ́ bẹ́ẹ̀.

A mú Táyé lọ sí Yaba. Adéníran gbé àga méjì síwájú aṣọ ìkélé, ó ní kí Táyé jókòó sórí èyí tó wà lápá òsì. Ọmọ náà wo àga kejì. Ó ní, "Màámi, ta ló ni ìyẹn?"

Kùdírátù ní, "Kẹ́hìndé ló ni ín. Ó ń bọ̀."

Mo wò ó. Mi ò lè bá a wí. Nígbà tí Adéníran ya èkíní tán, ó ní kí Táyé bọ́ sórí àga kejì, kó wo apá ibòmíràn. Ọmọ náà ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ó kàn ń wo ẹnu ọ̀nà ṣáá.

Fọ́tò dé, a gbé e kọ́. Táyé ti ilé kéwú dé, ó dúró sábẹ́ ẹ̀ títí mo fi rò pé ó ti sùn lórí ìdúró. Ó wá ní, "Ìgbà wo ló dé? Ẹ ò jẹ́ kí n rí i." Ìyá ẹ̀ ní, "Ó dé nígbà tí o ti jáde, ó sì tún ti lọ." Ah, irọ́! Tó bá ti bímọ, á tún bí ọmọ-ọmọ.

Láti ìgbà náà ni Táyé ti yí padà. Tá a bá fún un ní ẹran, á bu ìlàjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, kò ní jẹ ẹ́, kò sì ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni jẹ ẹ́. Ó rù. Ẹ̀rù ba Kùdírátù. Ó ní òun mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, pé Kẹ́hìndé ti ń pè é.

Ló bá di àárọ̀ ọjọ́ kan, a wá Táyé, a ò rí i. Ilé kéwú, kò sí. Ìdí igbá mi, kò sí. Yẹ̀kínnì gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ lọ pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀. Kùdírátù ń sáré kiri láìsí gèlè lórí, ó ń pe Ọlọ́run, ó ń pe Táyé, ó sì ń pe Kẹ́hìndé mọ́ ọn. Mo ń ronú ọkọ̀ bọ́lẹ́kájà lójú ọ̀nà, mo ń ronú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin. Ni mo bá rántí ojú tó fi ń wo ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ fọ́tò. Mo di àbúrò mi lápá mú. Mo ní, "Yaba! Gbéra!"

A gba Ojúẹlẹ́gba, à ń sáré, à ń rìn, àwọn èèyàn ń bi wá pé kí ló dé. A bá a níbẹ̀. Ó jókòó sórí àga nínú ṣọ́ọ̀bù Adéníran, eruku bò ó dé orókún, bàtà ò sí lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Sùbúhànálláhì! Mo fẹ́ gbá a mọ́ra, mo tún fẹ́ nà án.

Adéníran ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrìn. Mo ti rán ẹnì kan sí yín. Látàárọ̀ ló ti ń bẹ̀ mí kí n ṣí yàrá tí mo ti ń fọ fọ́tò fún òun. Ó ní ibẹ̀ ni Kẹ́hìndé ń gbé."

Kùdírátù lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ẹ̀. Ó ní, "Táyé mi, Kẹ́hìndé ti kúrò níbẹ̀, ó ti padà lọ sí..."

Èmi ni mo já a mọ́ ọn lẹ́nu. Inú ti bí mi kọjá ààlà. "Kùdírátù! Padà lọ síbo? Ìwọ dárúkọ ibòmíràn fún un, àárọ̀ ọ̀la wàá lọ wá a níbẹ̀! Ṣé Ìdó lo fẹ́ kó lọ, kó wọ ọkọ̀ ojú irin?"

Ó dìde, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá sọ ọ́, tó bá tẹ̀lé e ńkọ́? Òun nìkan ló kù mí kù."

"Kò ha ti ń tẹ̀lé e lọ báyìí? Wo ẹsẹ̀ ẹ̀!"

Adéníran ti wọ inú yàrá ẹ̀ lọ. Ó gbé fọ́tò kan jáde, ó dojú ẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì. Ó ní, "Ẹ dárí jì mí. Mi ò lè sun fíìmù yẹn. Òun nìkan ni fọ́tò tí àwọn méjèèjì ti wà pọ̀ lóòótọ́."

Kùdírátù mọ èyí tó ń sọ. Ojú ẹ̀ ṣókùnkùn. Mo rò pé á bú ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́. "Bọ̀dá Adéníran, ẹ bá mi gé ọwọ́ yẹn kúrò ná. Ẹ jọ̀ọ́. Kí n tó fi hàn án. Tó bá rí i, á kórìíra mi."

Adéníran mi orí. "Mo ti gbìyànjú ẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ni ọwọ́ yẹn wà, Ìyá Ìbejì. Tí mo bá gé e, ojú ọmọ á bá a lọ."

Kùdírátù wo tábìlì, ó wo ọmọ tó jókòó sórí àga. Mo mọ ohun tó ń rò, nítorí òun ni mo ti ń gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ láti ọdún yẹn wá. Ó lè máa gbé pẹ̀lú irọ́, kí ọmọ máa fẹ́ràn ẹ̀, kó sì máa wá èkejì ẹ̀ kiri títí. Ó sì lè fi ojú Kẹ́hìndé hàn án, kí ọwọ́ òun náà hàn. Ó na ọwọ́, ó ká a kò, ó tún nà án. Ó yí fọ́tò náà padà fúnra ẹ̀, ó gbé e lé itan Táyé.

Ó ní, "Kẹ́hìndé nìyí. Ọwọ́ mi nìyẹn. Èmi ni mo gbá a létí."

Táyé tẹjú mọ́ ọn. Ó fi ìka kan tọ́ ojú Kẹ́hìndé. Kò tiẹ̀ wo ọwọ́ yẹn. Omi bẹ̀rẹ̀ sí i bọ́ lójú ẹ̀.

Ó ní, "Màámi, èmi ni mo kọ́kọ́ já a léèékánná. Ní ẹ̀yìn apá. Ó ń tì mí ni. Èmi ni mo mú un sunkún, kí ẹ tó lù ú." Ó ń mí gúlegúle. "Mo mọ̀ pé ìbínú ló bá lọ. Mo wá bẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ ní kó máa bọ̀ nílé, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Yéè, mo gbé! Láti ọjọ́ tá a ti ń sọ pé ó rìnrìn àjò, ohun tí ọmọ yìí ń gbé kiri nìyẹn. À ń fi irọ́ dáàbò bò ó, irọ́ náà ló ń jẹ ẹ́ lára. Kùdírátù kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀, ó di ẹsẹ̀ eléruku yẹn mú.

"Kò bínú sí ẹ. Ṣé o ń gbọ́? Kò bínú sí ẹ rárá. Kẹ́hìndé kú, ọmọ mi. Àìsàn ló pa á."

Mo di ara mi mú, mo ń retí kí nǹkan ṣẹlẹ̀. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Táyé kàn jókòó, ó ń rò ó.

"Ṣé àìsàn náà ti wà lára ẹ̀ nígbà tí mo já a léèékánná?"

"Ó ti wà."

"Nígbà tí ẹ gbá a létí náà?"

Kùdírátù wo ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀. "Ó ti wà. A ò mọ̀ ni."

Ọmọ náà gbá fọ́tò mọ́ àyà, ó wá ké, ẹkún tó yẹ kó ti sun láti Iléyá yẹn. Adéníran jáde lọ dúró síta. Èmi náà ń sunkún, mi ò tijú. Nígbà tó sunkún títí tó rẹ̀ ẹ́, Táyé fi gbogbo ọwọ́ nu ojú, ó gbójú sókè wo ìyá ẹ̀.

Ó ní, "Tó bá ti kú, báwo la ṣe máa wá bẹ̀ ẹ́?"

Kùdírátù jókòó sílẹ̀. Ó gbé ọmọ ẹ̀ lé itan, ó gbá a mọ́ra, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jókòó síbẹ̀.