Àpótí Pupa Lunca

"Pa Lunca pọ̀ mọ́ Àárín Ìlú." Ọ̀gá Văcaru kò tilẹ̀ jókòó. Ìka rẹ̀ wà lójú kọ̀ǹpútà, lórí àpótí Lunca nínú máàpù, tó pọ́n ju gbogbo àwọn yòókù lọ.

"Ọ̀gá, Lunca kì í ṣe Àárín Ìlú."

"Ta ló bi ọ́?"

Ilinca gbọ́wọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. Òun ló ya máàpù náà fún iléeṣẹ́ ìlera. Nínú máàpù tí gbogbo ayé mọ̀, Lunca kò tóbi ju eṣinṣin lọ létí odò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni àwọn Roma, ẹ̀yà tí àwọn ará ìlú ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, há mọ́ra wọn sí, lábẹ́ èéfín iléeṣẹ́ tó ń yọ́ òjé. Ìdí nìyẹn tó fi fi kóòdù sọ àdúgbò kọ̀ọ̀kan di àpótí tó dọ́gba, tó sì tò wọ́n kí aládùúgbò má baà jìnnà sí aládùúgbò. Bí májèlé òjé bá ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé ni àpótí wọn ṣe ń pọ́n tó. Òun fúnra rẹ̀ ló kárí ilé ní Lunca, tó ń bẹ àwọn ìyá kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ wọn.

"Ọ̀gá, ibi tó bá pọ́n ni àwọn dókítà tó ń bọ̀ láti Bucharest, olú ìlú, máa gbé oògùn lọ."

"Ibẹ̀ náà ni wọ́n á ti béèrè ẹni tó ni iléeṣẹ́ òjé. Olórí ìlú ti pè mí láàárọ̀. Petru ọkọ rẹ ṣì wà nídìí ààrò iléeṣẹ́ náà, àbí?"

Bí wọ́n bá lé Petru, iṣẹ́ wo ló tún kù ní àfonífojì yìí? Ilinca ronú sọ́tùn-ún, ó ronú sósì, ògiri ló ń bá pàdé. Ó kọ ìlà kóòdù kan. Lunca pòórá. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Àárín Ìlú mọ́, wọ́n sì pọ̀. Wọ́n bo ti Lunca mọ́lẹ̀, àpótí náà sì funfun bí wàrà.

"Ṣé o rí i?" ni Văcaru wí. "Ó wá mọ́ lójú."

Ọjọ́ tí àwọn dókítà dé, Brazi, àdúgbò tó wá pọ́n jù lórí máàpù báyìí, ni wọ́n pàgọ́ sí. Safta, ìyá ọlọ́mọ kan láti Lunca, gbé Codruța ọmọ rẹ̀ mọ́yà wọ ọ́fíìsì.

"Àǹtí Ilinca, ẹ̀yin lẹ ní ká jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa, pé àwọn dókítà á wò wọ́n. Ọkọ̀ wọn kọjá lára wa báyìí, eruku nìkan ni wọ́n bù fún wa. Ṣé a ṣẹ̀ wọ́n ni?"

"Ẹ ò ṣẹ̀ wọ́n."

"Kí ló wá dé?"

Kí Ilinca tó fèsì, gìrì mú ọmọ náà. Ojú rẹ̀ yí, ẹ̀yìn rẹ̀ le gan-an bí igi. Ilinca fa fóònù, ó pe àwọn dókítà ní Brazi.

"Ẹ gbà mí! Ọmọ kan ń kú lọ níbí, òjé ló wà lẹ́jẹ̀ rẹ̀!"

"Ẹ fara balẹ̀, màdáámú," ni obìnrin kan dáhùn. "Àdúgbò wo ló ti wá? Àwọn tó wà lórí máàpù nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda oògùn fún."

"Lunca."

Obìnrin náà wá a lórí máàpù.

"Mi ò rí Lunca níbí o. Ẹ tún un pè."

Ilinca tún un pè. Ó pè é ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Safta ń pe orúkọ ọmọ tirẹ̀: "Codruța! Codruța, dá mi lóhùn!" Ọmọ náà kò dáhùn.