Ẹnu Ìyá Kaosarah

Bí wọ́n bá yin ọmọ lójú ìyá rẹ̀ ní Ìwó, ìyá kì í gbé ìyìn náà mì bẹ́ẹ̀. Á kọ́kọ́ tì í sẹ́yìn. Á ní, "Ẹ má dá a lóhùn o, ọ̀lẹ ni." Kì í ṣe pé kò mọ iyì ọmọ rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n ju ẹni tó ń yìn ín lọ. Ṣùgbọ́n ojú ayé pọ̀, ọmọ tí wọ́n bá sì ń yìn ní etí ara rẹ̀ lè gbàgbé iṣẹ́.

Ìwà yìí ni Mọ̀ríámọ̀ àti Kàmọ́rù ọkọ rẹ̀ gbé wọ ilé-ìwé àdáni kan ní àríwá Toronto, lọ́jọ́ tí wọ́n pe àwọn òbí ọmọ kíláàsì ìkẹyìn wá mu tíì. Ilé-ìwé olówó ni. Kaosarah ọmọ wọn fi ọpọlọ rẹ̀ wọ ibẹ̀ ni, wọ́n sì dín owó kù fún un débi tí apá wọn ká a. Mọ̀ríámọ̀ ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Pickering, Kàmọ́rù ń wa ọkọ̀ ẹrù ní Mississauga.

Miss Juliana, tíṣà tó ń tọ́ àwọn ọmọ sọ́nà yunifásítì, wá bá wọn nídìí tábìlì. Ó yin Kaosarah títí: ìṣirò rẹ̀, sùúrù rẹ̀, bó ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré níṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

"Há! Kaosarah yìí náà?" Inú Mọ̀ríámọ̀ ń dùn bí ẹni lá oyin. "Ẹ ò tíì rí i nílé ni. Ọ̀lẹ paraku! Ká tó jí i láàárọ̀, ogun ni."

"Olórí kunkun sì ni," Kàmọ́rù gbè é lẹ́sẹ̀. "Ẹ má gbà fún un o."

Miss Juliana rọra mi orí. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì rẹ́rìn-ín délé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ilé-ìwé kéde orúkọ. Yunifásítì ńlá kan wà ní Amẹ́ríkà tó máa ń fún ọmọ ní sikọ́láṣípù tó kárí ohun gbogbo, ṣùgbọ́n ọmọ méjì péré ni ilé-ìwé lè fà kalẹ̀ láti du ú. Láìsí sikọ́láṣípù yẹn, kò sí bí ọmọ awakọ̀ ẹrù ṣe fẹ́ dé ibẹ̀. Orúkọ Kaosarah kò sí nínú méjèèjì. Wọn ò sọ ìdí. Wọn kì í sọ ọ́.

"Mo ti mọ̀," Kàmọ́rù wí. "Ọmọ olówó ni wọ́n mú. Ta ni yóò mú ọmọ dírẹ́bà?"

"Ẹ ò mọ̀, Bàbá Kaosarah. Ẹ ń méfò ni. Èmi ń lọ béèrè."

"Lọ́wọ́ ta? Òyìnbó á rẹ́rìn-ín sí ẹ, á fún ẹ ní tíì, á ní kó o máa lọ."

"Tí mo bá mu tíì ọ̀hún tán, n ó tún béèrè."

Kaosarah gbójú sókè nídìí fóònù rẹ̀. "Mummy, please. It's fine." Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti wú.

Lọ́jọ́ kejì, Miss Juliana ti ìlẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Mo jà fún un, màmá. Máàkì rẹ̀ wà lára èyí tó ga jù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òbí wà lára ohun tí ìgbìmọ̀ fi ń wọn ọmọ. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ sọ fún mi pé ọ̀lẹ ni, pé olórí kunkun ni. Ẹ̀rù bà wọ́n pé tó bá dá wà nílẹ̀ òkèèrè, yóò ṣubú."

Mọ̀ríámọ̀ jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó.

"Ọ̀rọ̀ ìdí tíì yẹn? Ìdánwò ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ sọ fún wa pé ìdánwò ni?"

"Rárá. A rò pé bí òbí ò bá mọ̀, òtítọ́ ni wọ́n á sọ."

"Àwọn òbí yòókù ńkọ́? Kí ni wọ́n sọ?"

Ojú Miss Juliana pọ́n. "Wọ́n ní kò sí irú ọmọ àwọn."

"Ẹ sì gbà wọ́n gbọ́!" Mọ̀ríámọ̀ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Miss Juliana, níbi tí mo ti wá, ìyá tó bá ń fi ọmọ rẹ̀ yangàn lójú tíṣà, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Bí mo bá pè é ní ọ̀lẹ níwájú yín, mò ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ bá mi tọ́ ọ ni. Tó bá jẹ́ ọ̀lẹ lóòótọ́, n ò ní jẹ́ kí àlejò gbọ́ ọ láéláé."

Miss Juliana ṣí fáìlì tó wà níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bàbá Rayyan náà sọ irú rẹ̀." Mọ̀ríámọ̀ mọ bàbá Rayyan, ará Pakistan tó ń gbé ní Richmond Hill, ọmọ rẹ̀ àti Kaosarah jọ wà ní kíláàsì kan, òun àti bàbá náà sì jọ máa ń dúró de ọmọ lẹ́nu géètì. "Ọjọ́ Ẹtì la ó fi orúkọ ránṣẹ́," Miss Juliana wí. "Ẹ jẹ́ kí n bá pírínsípà sọ̀rọ̀."

Nílé, Mọ̀ríámọ̀ sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. "Ẹnu èmi àti bàbá rẹ ló ṣe é."

Kaosarah gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, Yorùbá ló fi sọ ọ́, ó ń ṣà á níkọ̀ọ̀kan bí ẹni ṣa ìrẹsì. "Ṣé… ẹ ò rò bẹ́ẹ̀? Pé mo jẹ́ ọ̀lẹ? Gbogbo ìgbà lẹ máa ń sọ ọ́ fún àwọn èèyàn. Mo rò pé òótọ́ ni."

Ọ̀rọ̀ náà dun Mọ̀ríámọ̀ ju ti sikọ́láṣípù lọ. Ó ti rò pé ọmọ náà mọ̀. Níbo ni yóò ti mọ̀? Toronto ni wọ́n bí i sí.

"Ìwọ kẹ̀? Ìwọ tó ò ń jí mi fún ìrun àárọ̀!" Ó fà á mọ́ra. "Kò sí ọ̀lẹ nínú ara rẹ, Kaosarah. N ò sọ ọ́ rí, ṣùgbọ́n mo ń sọ ọ́ báyìí."

Ní Ọjọ́rú, pírínsípà gba Mọ̀ríámọ̀ àti Miss Juliana sí ọ́fíìsì rẹ̀, bàbá Rayyan náà wá. Pírínsípà ní ẹ̀dùn-ọkàn ìyá Kaosarah yé òun, pé àwọn lè tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, kí ìgbìmọ̀ sì tún ti ọmọ rẹ̀ yẹ̀ wò.

Ohun tí Mọ̀ríámọ̀ wá béèrè nìyẹn. Ó lè gbà á kó máa lọ sílé. Ọkàn rẹ̀ fà sí i.

"Ẹ ṣeun sà. Ṣùgbọ́n ẹ má tún tèmi nìkan gbọ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ fi ń yan ọmọ fún gbogbo òbí. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu wa bá wà níbẹ̀, ká mọ̀. Bí kò bá yẹ kó wà níbẹ̀, ẹ yọ ọ́. Kí ọmọ tí kò wọlé náà sì mọ ibi tó ti kù."

"Bí a ti ń ṣe é láti ọdún pípẹ́ nìyẹn, màmá," pírínsípà fèsì.

"Ẹ gbọ́ ná," bàbá Rayyan wí. "Lọ́jọ́ tíì yẹn, mo sọ pé ọmọ mi ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ṣé ẹ ti rí ẹni tó ń gba ipò kejì nínú kẹ́mísírì tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì?"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Miss Juliana. Pírínsípà gbìyànjú láti pa tirẹ̀ mọ́ra, kò lè pa á.

Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ òbí kúrò fún gbogbo ọmọ, wọ́n sì tún wọn wọ̀n látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé ohun tí wọ́n fi ń yan ọmọ sójú òpó ayélujára ilé-ìwé. Nígbà tí orúkọ tún jáde, ọmọbìnrin tó ṣíwájú nínú méjì àkọ́kọ́ kò kúrò láàyè rẹ̀. Ọmọ olówó ni lóòótọ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì dára, Kàmọ́rù fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Kaosarah ni èkejì. Ọmọkùnrin tó yọ kúrò ní kí wọ́n ṣàlàyé fún òun, wọ́n sì ṣàlàyé fún un lójúkorojú. Rayyan kò wọlé: wọ́n ní àròkọ rẹ̀ kò lágbára.

"Ó dùn mí o," bàbá rẹ̀ sọ fún Mọ̀ríámọ̀ lẹ́nu géètì. "Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí a ó lọ tún ṣe."

Nínú ọkọ̀ ojú irin, Kaosarah fara ti ìyá rẹ̀. "Mummy, wọ́n ṣì lè kọ̀ mí o. Àwọn ọmọ pọ̀ káàkiri ayé tó ń du ú."

"Tí wọ́n bá kọ̀, wọ́n á sọ ìdí."

"Yunifásítì yẹn kì í sọ ìdí."

"Ẹn-ẹ́n?" Mọ̀ríámọ̀ tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó jókòó dáadáa. "A ó bi wọ́n."